Irun Ìrù Ọmọ Ẹṣin Funfun

Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n, ọkọ tí mo fẹ́ tí mo sì kọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n, torí àpá eyín mi wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí di òní. Nínú ilé tí wọ́n bí wa sí, kòbókò ni bàbá wa fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, kòbókò ni bàbá tirẹ̀ náà fi kọ́ ọ. Ẹṣin nìkan ni wọn kì í nà nílé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò ó pé ó sàn kí wọ́n bí mi ní ẹṣin.

Ilé wa nìyẹn ní Ṣábẹ̀, lẹ́yìn àwọn òkè olókùúta, ọgbà ńlá kan tí ìgbẹ́ ẹṣin kì í wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ìyálé, ló jogún ẹṣin méjì tó kù. Akọ kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn odò, tí gọ̀gọ̀ àti ìrù rẹ̀ dúdú. Abo kan sì wà tó pọ́n bí àgbàdo gbígbẹ, tí gọ̀gọ̀ tirẹ̀ funfun. Ó tún jogún ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn. Bàbá Ẹlẹ́ṣin là ń pe ọkùnrin náà. Kaboua ló ti wá kó tó hu irùngbọ̀n, kò fẹ́yàwó, kò kọ́lé, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin ló ń sùn. Bàbá wa ti ṣèlérí fún un níwájú gbogbo wa pé kò sí ẹni tó lè lé e kúrò nínú ọgbà náà láéláé, àfi tó bá dalẹ̀. Òun ló gbé mi gun ẹṣin nígbà àkọ́kọ́, òun náà ló gbé mi nílẹ̀ nígbà tí mo já bọ́.

Abo ẹṣin bí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Mo ti ń gbé ilé tèmi nígbà náà, mo ń múra ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ohun tí ẹṣin bí."  Mo rò pé olórí méjì ni.

Olórí kan ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì ní. Àmọ́ funfun ni, kì í sì í ṣe funfun tí a mọ̀. Ó dà bí omi ògì. Awọ ara rẹ̀ lábẹ́ irun pọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́ àwọ̀ búlúù, ojú tí n kò rí rí lágbárí ẹṣin kankan. Ó ń gbọ̀n, ó ń wá ọmú ìyá rẹ̀. Ó wù mí. Ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí, kí n má purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa mọ ohun tó ń rò. Ilé kan wà ní ìsàlẹ̀ ìlú tó ti ń bá ilé wa jà láti ayé àwọn baba ńlá wa, nítorí ẹni tí ẹṣin rẹ̀ yóò ṣáájú lọ́jọ́ ọdún. Akọ ẹṣin ilé yẹn funfun báláú. Ní ọdún tó ṣáájú, abo tiwa já okùn, ó rìn lọ ní ìhà Boni níbi tí wọ́n ti ń da ẹṣin wọn jẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni kò wálé. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ló lọ mú un bọ̀. Ó ní kò sí akọ tó gùn ún níbẹ̀, pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó, àti pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni akọ tiwa tó gùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kútọnu nígbà náà. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i.

"Ìwọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún un, fún ọkùnrin tó wẹ̀ fún un nígbà tó wà ní kékeré. "Ìgbà wo lo fa abo mi fún akọ wọn?"

Bàbá Ẹlẹ́ṣin wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń nu imú ọmọ ẹṣin náà. Kò tilẹ̀ dìde. "Gbọ́ mi. Ẹṣin funfun kì í jáde ní funfun nínú ìyá rẹ̀. Dúdú ni wọ́n máa ń bí i, tàbí pupa. Ọjọ́ orí ló ń fọ̀ ọ́ títí á fi funfun. Èyí funfun láti inú. Kì í ṣe ọmọ akọ..."

Kòbókò bà á lẹ́nu kó tó parí ọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ là sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbé e, ó tún gbé e, ohùn kòbókò náà sì ń ró nínú ọgbà bí aṣọ tó ń ya. Abo ẹṣin ń ké, akọ ń fi pátákò gbá ògiri. Bàbá Ẹlẹ́ṣin kò ké. Ó dojú bolẹ̀ lórí ọmọ ẹṣin náà kí pàṣán má baà bà á. Mo bọ́ sáàárín, mo jẹ ọ̀kan lẹ́yìn, ara mi gbóná. Mo gbé korobá omi ẹṣin, mo sì fi lu ẹ̀gbọ́n mi lórí. Báyìí ni àwa ọmọ ilé yẹn ṣe máa ń pẹ̀tù sí aáwọ̀.

Àbúrò bàbá wa, àgbà kan ṣoṣo tó kù nílé, ló jáde tó pàṣẹ pé ká jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́nu Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ìwé wá. Mo ti gbọ́ lẹ́nu dókítà ẹran tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú wa pé bí wọ́n ṣe ń yẹ ADN, èròjà ìran inú ara ènìyàn, wò láti mọ bàbá ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ ti ẹṣin wò, pé ilé ìṣàyẹ̀wò kan wà ní Faransé tó lè sọ ibi tí ọmọ ẹṣin ti mú àwọ̀ rẹ̀ wá. Irun ìrù nìkan ni wọ́n ń béèrè. "Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́," ni mo wí. "Ìwé kò mọ ilé tiwa, kò mọ tiwọn."

Àgbà náà mú kí ẹ̀gbọ́n mi búra. Bí ìwé bá ní ọmọ akọ tiwa ni, yóò dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní ìta gbangba. Bí ìwé bá ní ọmọ ilé ìsàlẹ̀ ni, Bàbá Ẹlẹ́ṣin á ká ẹní rẹ̀ kúrò nínú ọgbà wa ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, wọ́n á sì pa ọmọ ẹṣin náà. Kí ìwé tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi búra, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Dókítà ẹran wá wò ó. Ó tan iná sí ojú búlúù náà, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Ó fún mi ní àpòòwé mẹ́ta, fún ìyá, fún akọ, fún ọmọ. "Màdáámù, ẹ má gé e o. Ẹ fà á tu, kí gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀lé e. Gbòǹgbò ni wọ́n ń kà ní lábò." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, a kì í fa irun ẹṣin tó wà láàyè tu. Ìgbà tí ẹṣin bá kú ni wọ́n ń fa irun ìrù rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìlẹ̀kùn ilé ẹṣin. Ẹni tó bá fa ti ààyè, ikú ló ń pè fún un. Èmi tí mo ní díbúlómà, tí mò ń fi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá so ońdè mọ́ ọrùn, mo dúró lẹ́yìn ọmọ ẹṣin yẹn, mo di irun ìrù rẹ̀ mú, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí fún ara mi. Ẹranko náà ló ṣe mí láàánú, ó yíjú padà ó ń wò mí. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e, mo gé e mọ́ awọ gan-an. Mo ní lọ́kàn mi pé ohun tó wà létí gbòǹgbò ò jìnnà sí gbòǹgbò. Báyìí náà ni mo ṣe fún ìyá àti akọ. Mo di àpòòwé náà, mo fi ránṣẹ́, mi ò sọ fún dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ètè Bàbá Ẹlẹ́ṣin san, ó san wọ́. Ọmọ ẹṣin ń sáré yí ọgbà ká, oòrùn sì ń jó imú rẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́ṣin a máa fi òrí pa á. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi náà, tí mo bá wá kí wọn, n kì í lè wò ó lójú dáadáa. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ní ìlú. Wọ́n ní ọjọ́ méjì ti pọ̀ jù fún abo ẹṣin nínú igbó, pé arúgbó tí kò ní ọmọ, kí ló máa tijú? Mo bá àwọn tó sọ ọ́ jà lẹ́nu. Àmọ́ nínú ikùn mi, mo ń ṣírò ọjọ́ méjì yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé sórí fóònù dókítà, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré ní ìta kíláàsì. Kò sí gbòǹgbò lára irun náà, wọn kò rí ohun tí wọ́n lè kà, kí a tún fi òmíràn ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti ṣe é. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, mo ṣàlàyé fún un kedere pé èmi ni mo gé irun dípò kí n fà á, pé a máa tún un ṣe.

Ó béèrè: "Wọ́n dá a padà?"

"Wọ́n ní ká tún un ṣe."

"Ohun tí wọ́n bá dá padà, wọ́n ti dáhùn," ló wí. Ní ilé wa, bí ìdílé ìyàwó bá dá obì padà, wọ́n ti kọ̀ nìyẹn, a kì í tún béèrè ìdí. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó pa fóònù.

Ó yẹ kí n gba ọ̀nà ilé lọ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ irú ẹni tó jẹ́, mo mọ ohùn yẹn, ohùn bàbá wa ni. Mo padà sí kíláàsì, mo kọ ìṣirò sójú pátákó. Mo sọ fún ara mi pé ó ti búra. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó rẹ̀ mí láti máa gbèjà ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá mi lójú.

Ìṣirò kejì ni mo ń kọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè, igbe nìkan ni mo gbọ́. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀, mo gun zẹmíjàn, alùpùpù akérò, mo ń lu ẹ̀yìn onízẹmíjàn náà ní ẹ̀ṣẹ́ kó yára.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti so ọmọ ẹṣin mọ́ igi dóńgóyárò. Bàbá Ẹlẹ́ṣin fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ọrùn rẹ̀. Ẹ̀wù ti ya kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà kò dà bí ẹ̀yìn mọ́. Kòbókò ti bà á ní ojú òsì, ojú náà ti fọ́, ó ń ṣàn wá sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ kòbókò nù, àdá tí wọ́n fi ń gé koríko ẹṣin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ arúgbó náà mú, ó ń fà á bí ẹni fa igi ìdáná. Kò sí ẹni tó dá sí i. Àbúrò bàbá wa ti lọ sí Sakin láti òwúrọ̀, àwọn aládùúgbò sì dúró lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run.

Mo fò mọ́ ọn. Mo gé ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí eyín mi fi kan egungun. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́nu, eyín méjì jáde lẹ́nu mi, mo ṣubú. Láti ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti rí i tó fi ọwọ́ yẹn, ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, gbé àdá. Àdá náà kò mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí ọmọ ẹṣin tó ṣubú, igbe rẹ̀ sì tinrín bí igbe ọmọ ènìyàn.

Ìyá rẹ̀ já okùn. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ta á nípàá. Mo gbọ́ nígbà tí egungun itan ṣẹ́. Inú mi dùn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbí torí pé òótọ́ ni, inú mi dùn, mo sì fẹ́ kó tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ló dìde, tòun ti ojú tó fọ́, ó di ìjánu abo náà mú, ó ń rọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà pa ẹni tó fọ́ òun lójú.

Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Fa irun rẹ̀. Ó ti kú, kò sí èèwọ̀ mọ́."

Mo fà á. Ó wá tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó kéré bí ẹyin iná orí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo dìde, mo fa ti ìyá, mo fa ti akọ náà, ààyè wọn, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, mo ń ṣépè fún gbogbo èèwọ̀ ilé wa. Akọ yíjú padà, ó bù mí jẹ léjìká, mi ò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi tú. Wọ́n gbé àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé dé. Ojú ewé méjì. Dókítà ẹran túmọ̀ rẹ̀ fún mi lórí àga nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tó ń fọ àwọ̀. Ẹṣin tó bá jogún ẹyọ kan rẹ̀ á dà bí iyanrìn tàbí bí àgbàdo gbígbẹ, bí akọ àti abo tiwa. Ọmọ tó bá jogún méjì, ọ̀kan láti ara bàbá, ọ̀kan láti ara ìyá, á jáde bí omi ògì, pẹ̀lú ojú búlúù. Funfun ti akọ ilé ìsàlẹ̀ kò bá èyí tan rárá. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, dúdú tàbí pupa ni wọ́n máa ń bí i, ọjọ́ orí ló ń sọ ọ́ di funfun. Ní ìparí, wọ́n kọ ọ́ pé akọ tiwa ni bàbá ọmọ náà, kò sí iyèméjì. Ohùn tí dókítà fi ń kà á dùn, ó ń gbádùn rẹ̀. Èmi ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ohùn ọkùnrin kan lórí ìkúnlẹ̀, tó sọ gbogbo èyí ní gbólóhùn mẹ́rin kí kòbókò tó là á lẹ́nu.

Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́. Mo kà á fún un, ó ní kí n tún un kà. Ó yíjú sí ògiri. "Ọmọ ẹṣin wa ni," ló ń wí, "ọmọ ẹṣin wa ni." Àbúrò bàbá wa rán an létí ìbúra rẹ̀. Ó ní ṣé a kò rí ẹsẹ̀ òun ni, ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́ ṣe máa dọ̀bálẹ̀? Ó ní kí a mú àgbò lọ. Mo sọ fún un pé tí ẹsẹ̀ kejì bá wà ní àlàáfíà lára rẹ̀, èmi ni màá ṣẹ́ ẹ. Wọ́n tì mí jáde.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin ti padà sí Kaboua, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Láti ilé ìwòsàn ló ti gba ibẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wá mú ẹní rẹ̀. Mo bá a lábẹ́ ìbòòji, ó ń pa iṣu gbígbẹ mọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, aṣọ dúdú wà lójú òsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ka ìwé náà fún un, mo túmọ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Mo ní ilé ti mọ òtítọ́, mo ní kó dìde ká lọ, pé mo ti gbá yàrá rẹ̀.

Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó béèrè bóyá abo ẹṣin ti ń jẹun. Mo ní ó ti ń jẹun.

"Kí pápíyè yìí tó dé," ló wí, "ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà mí gbọ́?"

Mo lè purọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí, arúgbó ni, irọ́ náà ì bá sì tù ú nínú. "Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Mi ò gbà yín gbọ́."

Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ, mo mọ̀ ọ́n, àtikékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó ń nà mí, ìwọ ni mo ń wo ojú ọ̀nà fún." Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ títí àbúrò rẹ̀ fi wá sọ fún mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé àwọn fẹ́ jẹun. Mo gun zẹmíjàn padà sí Ṣábẹ̀, èmi nìkan.